Agogo Pupa Inú Yàrá Ìmọ̀ràn

"Ọmọ́yẹni Ẹ̀hìnlànwò. Odi Òkun."

Ohùn jẹ́jẹ́ ni Atọ́nà, ẹ̀rọ tó ń yan ọ̀nà fún àwọn ọmọ, fi pè é, bí ohùn àgbà tó ń súre fún ìyàwó tuntun. Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Nígbà tó sì pẹ́ díẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàtẹ́wọ́, nítorí pé òfin ni pé kí wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ibíjọkẹ́, olùdámọ̀ràn ilé-ẹ̀kọ́ náà, gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri. Yàrá kékeré tó fẹ̀yìn ti gbọ̀ngàn ni ọ́fíìsì rẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìgò omi àti aṣọ ìnujú, ó ń retí ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ ìpè ṣe máa ń rí ní ilé-ẹ̀kọ́ Òkè-Ìsinmi. Láti ọjọ́ tí ọmọ bá ti wọ jẹ́lé-ó-sinmi ni Atọ́nà yóò ti máa wo bí ó ṣe ń kàwé, bí ó ṣe ń sùn, bí ó ṣe ń bínú. Nígbà tí ọmọ náà bá di géńdé, ẹ̀rọ náà a pe ọ̀nà rẹ̀ ní gbangba, wọn a sì fi òǹtẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ní ọrùn-ọwọ́: àwọ̀ ewé fún oko, funfun fún ilé ìwòsàn, aró fún Odi Òkun. Òǹtẹ̀ náà kì í parẹ́, bí a tilẹ̀ fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́ títí di alẹ́.

Lọ́dọọdún, àwọn mélòó kan máa ń wá sunkún lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọn a mu omi, wọn a nu ojú, wọn a sì lọ wọ ọkọ̀.

Ọmọ́yẹni kò kan ilẹ̀kùn. Ó kàn wọlé ni. Aró ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ó jókòó, ó sì gbé ọwọ́ náà lé tábìlì bí ẹni tó gbé ẹrù ẹlẹ́rù sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn."

Ibíjọkẹ́ tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn náà dá ọwọ́ rẹ̀ mọ̀, ó pa dé, iná orí àtérígbà sì di àwọ̀ ewé. Bí iná yẹn bá ti tàn báyìí, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọlé àfi ẹni tí ọmọ bá fẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ pe ọmọ jáde, Atọ́nà pàápàá kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

"O mọ òfin yàrá yìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n mà. Ohun tí a bá sọ níbí, ibí náà ni yóò sùn sí."

"Àfi?"

Ọmọbìnrin náà gbójú sókè wo agogo pupa tó wà lára ògiri. "Àfi tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ikú."

Ibíjọkẹ́ bu omi fún un. Kò mu ún. Ọmọ yìí kì í ṣe aláriwo. Tíṣà kan ti sọ rí pé bí òrùlé bá ń jó, Ọmọ́yẹni ni yóò rántí ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Ìyẹn gan-an ni Atọ́nà rí lára rẹ̀. Àwọn tí ọkàn wọn kì í tètè sáré ni wọ́n máa ń kó lọ sí Odi, láti máa gbé inú ikùn ògiri ńlá náà, kí wọ́n máa ṣọ́ àwọn ẹ̀rọ tí ń fa omi padà sínú òkun.

"Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan mà."

"Bi mí."

"Ilé tí ọmọ rẹ̀ bá kọ ọ̀nà, Ìsàlẹ̀ létí òkun ni wọ́n ń dá wọn padà sí, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ilé tí ọmọ rẹ̀ bá kú ńkọ́, kí ọkọ̀ tó gbé e?"

Ibíjọkẹ́ ti dáhùn kó tó ronú. "Wọn ò ní yọ wọ́n lẹ́nu. Ìlú a bá wọn kẹ́dùn, ilé wọn a sì di tiwọn títí láé."

Kí ọ̀rọ̀ náà tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ tán ló ti rí ohun tí ọmọ náà ń ṣírò. 

"Mo rò bẹ́ẹ̀ náà," ni Ọmọ́yẹni wí.

"Ọmọ́yẹni. Wò mí lójú. Ṣé o ń sọ fún mi pé o fẹ́ pa ara rẹ?"

Ọmọ náà wò ó lójú. "Bẹ́ẹ̀ ni mà. Kí ọkọ̀ tó lọ. Apá ibi tí àpáta ti dà gẹ̀rẹ́ lẹ́yìn ilé ìdáná."

Bí ẹni tó ń ka àṣetiléwá rẹ̀ fún tíṣà ló ṣe ń sọ ọ́. Bàbá rẹ̀, òkun ló gbé e lọ ní Ìsàlẹ̀ nígbà tí òun ṣì wà lẹ́yìn ìyá òun. Ọjọ́ yẹn ni ìyá òun búra pé ẹsẹ̀ òun kò ní kan etí òkun mọ́ láyé, ló bá pọn òun, ó fa ẹ̀gbọ́n òun lọ́wọ́, ó sì gun òkè yìí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n òun, Akinmúléyá, dàgbà, Atọ́nà pè é sí Odi. Inú Odi ló kú sí, omi ya wọlé ní ọwọ́ ibi tí ó ń ṣọ́. Wọn kò rí òkú rẹ̀ gbé wálé.

"Màmá mi wá sọ fún mi pé ọjọ́ tí èmi náà bá lọ sí Odi, òkú òun ni màá bá nílé. Ẹ ò mọ Màmá mi. Kì í sọ̀rọ̀ kó má ṣe é. Tí mo bá lọ, Màmá kú. Tí mo bá kọ̀, wọ́n á dá a padà síbi tí òkun ti gba bàbá mi, Màmá kú náà nìyẹn. Mo ti yí i síwá, mo ti yí i sẹ́yìn. Èyí tó kù yìí nìkan ni kò ní pa á."

"Ikú tìrẹ kò ní pa á?"

"Yóò sunkún. Ṣùgbọ́n yóò ní ilé."

Agogo pupa náà kò jìnnà sí èjìká Ibíjọkẹ́. Kò nílò kó dìde kó tó tẹ̀ ẹ́. Òfin sì yé e yékéyéké: ọ̀rọ̀ ikú ti jáde, kò sí àṣírí mọ́. Bó bá tẹ̀ ẹ́, àwọn aláṣọ funfun láti Ilé Ìtura, níbi tí wọ́n ti ń pa ìbànújẹ́ ọkàn rẹ́, á dé kí omi inú ife tó dẹ́kun mímì. Wọn a gbé ọmọ náà, wọn a sì mú un padà wá ní àlàáfíà.

Ó mọ irú àlàáfíà yẹn. Kíkẹ́lọmọ tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìdáná, ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn ni olùdámọ̀ràn mìíràn lu agogo nítorí tirẹ̀. Orin ló máa ń kọ tẹ́lẹ̀, ohùn rẹ̀ á sì máa gbọ̀n bí ó bá dé ibi tó dùn ún. Láti ìgbà tó ti ti Ilé Ìtura dé, ẹ̀rín kan náà ló ń rín sí gbogbo ènìyàn. Nígbà tí wọ́n wá túfọ̀ bàbá rẹ̀ fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní "ẹ kú iṣẹ́", ó sì padà sídìí ìkòkò. Kò kú. Òótọ́ ni, kò kú.

Ibíjọkẹ́ gbé ọwọ́ sókè, ó sì gbé e padà sórí itan. Bí kò bá lù ú tí ọmọ yìí bá sì bẹ́ láti orí àpáta, ta ni yóò lọ bá ìyá rẹ̀? Kí ni yóò wí? Pé òun gbọ́, òun sì jókòó?

Láti ara ihò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, Atọ́nà sọ̀rọ̀. "Ìyáàfin Ibíjọkẹ́, ẹ má bínú. Mi ò gbọ́ yín, ṣùgbọ́n mò ń ka ìmí méjì. Ọ̀kan ń yára jù. Ṣé ti ọmọ ni?"

Ibíjọkẹ́ na ọwọ́ ṣí ihò náà kó lè gbọ́ òun. "Tèmi ni. Ti ọmọ ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́."

"Ẹ ṣeun. Ọmọ tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ni mo mọ̀ ọ́n sí. Ṣé ẹ fẹ́ ìrànlọ́wọ́ mi?"

"Rárá."

Ó pa ihò náà dé. Ọmọ́yẹni ń wo olùdámọ̀ràn náà bí ẹni tó ń wo ilé tí iná fẹ́ ràn mọ́. "Ẹ fẹ́ lu agogo ni mà?"

"Mi ò tíì mọ̀," ni Ibíjọkẹ́ wí. "Mi ò ní purọ́ fún ọ. Ẹ̀rù ń bà mí. Àmọ́ mi ò ní dìde kúrò níbí, ìwọ náà ò sì ní jáde ní ìwọ nìkan. Ìyẹn dá mi lójú." Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ ti ọmọ náà títí orúnkún wọn fi kanra. "O ti sọ ohun tí Màmá rẹ fẹ́. O ti sọ ohun tí Atọ́nà fẹ́ àti ohun tí òfin wí. Ìwọ ńkọ́? Kí ni ìwọ fẹ́?"

"Kí Màmá mi ní ilé."

"Mi ò bi ọ́ ní ti Màmá."

Ọmọ́yẹni gbé ife omi náà, ó mu díẹ̀.  Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ ohun tó lè ṣe fún un, ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, ibi tó yẹ ẹ́. Kò jọ pé ẹnikẹ́ni bi í ní irú èyí rí. 

"Mo fẹ́ sùn," ló wí. "Gbogbo ìgbà tí mo bá sùn ni mò ń rí ẹ̀gbọ́n mi nínú omi, ó ń kan ògiri, ó ń pe orúkọ mi. Mo fẹ́ sùn kí n má rí i. Mo fẹ́ kí Màmá mi pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Láti ìgbà tó ti kú, a ò dárúkọ rẹ̀ mọ́ nílé wa. Tí mo bá dárúkọ rẹ̀, Màmá á bọ́ síta."

Ó bú sẹ́kún.  Ibíjọkẹ́ kò sọ pé kó dákẹ́. Ó dì í mú, omijé ọmọ náà sì mú èjìká aṣọ rẹ̀ rin gbindin.

Ẹnìkan fi ìkúùkù gbá ilẹ̀kùn.

"Ìyáàfin Ibíjọkẹ́!" Ọ̀gá Adélúyì ni, ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́. "Atọ́nà ní ìmí méjèèjì ló ń sáré báyìí. Wọ́n ti ń to àwọn ọmọ Odi sínú ọkọ̀. Ọmọ yẹn ló kù."

"Iná ilẹ̀kùn mi ṣì ń tàn, sà. A ò tíì parí."

"Kí lẹ fẹ́ parí? Ìtọ́sọ́nà ti parí nínú gbọ̀ngàn! Ohun tó kù fún yín kò ju pé kí ẹ bá a nu ojú lọ."

"Iṣẹ́ méjì ni, Ọ̀gá." Ibíjọkẹ́ kò fi ọmọ náà sílẹ̀, ẹnu nìkan ló kọ sí ilẹ̀kùn. "Èyí tí ẹ ṣe ní gbọ̀ngàn, gbogbo wọn lẹ ṣe é fún lẹ́ẹ̀kan náà, níṣojú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ fi ọ̀nà hàn wọ́n. Mi ò bá yín jà lórí ìyẹn, ọmọ tí kò mọ ọ̀nà tó wà níwájú rẹ̀ á ṣìnà. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ṣoṣo ló wà lọ́dọ̀ mi, òun ló sì ń sọ̀rọ̀. Ẹ ò lè bá mi tò ó sí ìlà."

Ọ̀gá Adélúyì súnmọ́ ilẹ̀kùn. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ó ti fẹnu mọ́ ilẹ̀kùn, ohùn rẹ̀ sì ti wálẹ̀. "Ìyáàfin, ẹ gbọ́. Bí ọ̀rọ̀ ikú bá ti wáyé níbẹ̀ yẹn, tí ẹ ò sì lu agogo, mi ò ní lè gbà yín sílẹ̀."

 Ọmọ náà ni Ibíjọkẹ́ yíjú sí, tí ó sọ̀rọ̀ sí i létí. "Mo fẹ́ kí wọ́n pe Màmá rẹ wá. Bí o bá ní rárá, mi ò ní pè é."

"Rárá! Ó máa mọ̀."

"Kí ni yóò mọ̀?"

"Ohun tí mo fẹ́ ṣe."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnu rẹ ni yóò ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹnu àwọn tí yóò gbé ọ wálé fún un."

Níta, àwọn ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nínú ọkọ̀, orin tí wọ́n máa ń fi borí ẹ̀rù. Ọmọ́yẹni gbọ́ ọ. Ó nu imú rẹ̀, ó sì mi orí lẹ́ẹ̀kan péré, pé kí wọ́n pè é.

"Ọ̀gá," ni Ibíjọkẹ́ ké, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Òfin ní ẹni tí ọmọ bá fẹ́ lè wọlé."

"Ìyá rẹ̀? Lọ́jọ́ ìpè?"

"Ẹ̀yin náà bímọ, sà."

 Lẹ́yìn náà wọ́n gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ tó ń lọ kíákíá, wọ́n sì gbọ́ tó ń pe awakọ̀ pé kó ṣì dúró ná, pé nǹkan kan ń ṣe táyà ẹ̀yìn.

Ìyá Ọmọ́yẹni ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ òkè, níbi tí wọ́n ta àwọ̀n gígùn sí láti fi mú ìkùukùu kó lè di omi mímu. Nígbà tó dé, aṣọ rẹ̀ rin, irun rẹ̀ rin, ó ń mí hẹlẹ. Ibíjọkẹ́ ṣí ilẹ̀kùn fún un, ó sì tún tì í.

"Kí ló ṣe ọmọ mi? Wọ́n ní kí n..." Ojú obìnrin náà bọ́ sórí aró tó wà lọ́rùn-ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. "Odi! Ọmọ́yẹni, Odi náà ni? Mo ti sọ fún ọ! Mo ti sọ ọ́ pé..."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ni Ibíjọkẹ́ wí. Ó kúnlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ju obìnrin náà lọ lọ́jọ́ orí. "Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ jókòó. Ọmọ yín ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni, mi ò lè bá a sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán."

Ọmọ́yẹni sọ ọ́. Ilẹ̀ ló ń wò, ó ń fi èékánná ha aró ọwọ́ rẹ̀. Ó sọ nípa àpáta. Ó sọ nípa ilé. Ó sọ bí ó ṣe ṣírò ó. Nígbà tó dé orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dárúkọ rẹ̀, ó sì gbójú sókè lójijì bí ẹni tó ń retí ìgbájú.

Ìyá rẹ̀ kò gbá a. Kò bọ́ síta. Ó jókòó bí ère, omi ń kán láti etí aṣọ rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó pẹ́, ó sọ̀rọ̀.

"Èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹnu mi ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí tí mo fi sọ ọ́, Ọmọ́yẹni. Mo rò pé tí mo bá fi ikú mi dẹ́rù bà ọ́, wàá wá ọgbọ́n dá sí i kí wọ́n má pè ọ́. Bí ẹni pé ìwọ lò ń pe ara rẹ." Ó bọ́ sílẹ̀ kúrò lórí àga, ó fi orúnkún rìn dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀, ó sì di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú. "Ta ló sọ fún ọ pé ilé ni mo bí? Ṣé ilé ni mo pọ̀n gun òkè yìí? Akinmúléyá ti lọ. Akinmúléyá ọmọ mi ti lọ, mi ò sì lè dárúkọ rẹ̀ nítorí pé bí mo bá bẹ̀rẹ̀ mi ò mọ ibi tí màá dúró. Kí ìwọ náà lọ? Kí n wá máa ti yàrá bọ́ sí yàrá, kí n máa wo ara mi nìkan?"

"Màmá, wọ́n á dá yín padà sí Ìsàlẹ̀."

"Kí wọ́n dá wa padà."

"Ẹ ti búra pé ẹsẹ̀ yín kò ní kan ibẹ̀ mọ́."

"Mo búra fún òkun. Òkun kò bá mi wo ọmọ."

Ibíjọkẹ́ yí ojú sí ògiri. Ọ̀rọ̀ kún inú rẹ̀ títí dé ọ̀fun. Ó fẹ́ sọ pé kí wọ́n máa lọ. Ó tún fẹ́ sọ pé kí wọ́n má lọ, pé ilé orí òpó igi nínú omi ni wọ́n ń gbé ní Ìsàlẹ̀, pé kò sí dókítà níbẹ̀, pé àwọn tó ti ibẹ̀ gòkè wá kì í sọ ohun tí ojú wọn rí. Bó bá sọ èkíní, òun ló lé wọn. Bó bá sọ èkejì, òun ló tì wọ́n mọ́lé. Ó gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ọmọ náà nìkan ló bi léèrè.

"Màmá rẹ ti sọ tirẹ̀. Ìwọ ńkọ́?"

 Fèrè ọkọ̀ dún. Ó tún dún.

"Mo kọ Odi," ni Ọmọ́yẹni wí. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó sì tún un sọ sókè díẹ̀. "Mo kọ̀ ọ́. Mi ò sì fẹ́ kú mọ́ lónìí. Ọ̀la ni mi ò mọ̀."

"Ti òní tó fún òní," ni Ibíjọkẹ́ wí. "Ọ̀la, a ó tún bi ara wa."

Nígbà tí wọ́n jáde sí gbọ̀ngàn, àwọn ọmọ tó kù dìde dúró. Ọmọ́yẹni rìn dé iwájú Atọ́nà, òpó dúdú kan tí kò lójú, tí kò lẹ́nu, ó sì sọ ohun tó wá sọ.

"Ọmọ mi," ni Atọ́nà wí, "ó dùn mí. Odi yẹ ọ́. Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

"Ilé yín gbọ́dọ̀ ṣófo kí oòrùn tó wọ̀. Kí ẹsẹ̀ yín má kọ." Ẹ̀rọ náà kò tíì parí. "Ìyáàfin Ibíjọkẹ́. Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ ikú wáyé nínú yàrá yín?"

Gbogbo ojú yí sí i. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn aláṣọ funfun á gba ọmọ náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ níbẹ̀ gan-an. Bó bá ní rárá, Atọ́nà á ka irọ́ náà lára ìmí rẹ̀. Ọ̀gá Adélúyì ń wo ilẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ pa nǹkan tí kò sí níbẹ̀.

"Ohun tí a sọ níbẹ̀," ni Ibíjọkẹ́ wí, "ibẹ̀ ló sùn sí."

"Mo tún un bi yín. Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ ikú wáyé?"

"Mi ò ní dáhùn."

"Olùdámọ̀ràn tí kò bá dáhùn kì í ṣe olùdámọ̀ràn mọ́."

"Mo gbọ́."

Lẹ́yìn rẹ̀, iná orí ilẹ̀kùn yàrá kékeré náà kú. Nígbà tó padà lọ mú àpò rẹ̀ tó sì tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn náà kò mọ̀ ọ́n mọ́. Àpò rẹ̀ wà nínú, gíláàsì ojú rẹ̀ wà nínú. Ó dúró síbẹ̀ bí àlejò. Ọkọ̀ Odi ti ṣí, orin àwọn ọmọ náà sì ń jìnnà lọ díẹ̀díẹ̀.

Ìgbà náà ni ẹ̀rù tòótọ́ wá bà á. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ikú lẹ́nu ọmọ, kò lu agogo. Kí ló fún ọmọ náà dípò rẹ̀? Ẹkún, àti ìyá tó rin gbindin, àti ọ̀nà tó lọ sí ibi tí òkun wà. Bí ọ̀rọ̀ yẹn bá tún dé bá a ní Ìsàlẹ̀ ńkọ́, níbi tí omi yí ilé ká, tí ìyá sì ti sùn lọ nítorí àárẹ̀? Kò sí ẹ̀rọ tí yóò ka ìmí rẹ̀ níbẹ̀. Kò sí agogo.

Ó lọ sí yàrá rẹ̀ nílé àwọn olùkọ́. Kò sí ọkọ níbẹ̀ mọ́, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì ti lọ sí ọ̀nà tirẹ̀ lókè Ọya. Ó di aṣọ díẹ̀ àti gàrí sínú ìró, ó gbé e rù, ó sì sáré títí ó fi bá wọn ní ibi tí títì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà sí ìsàlẹ̀. Ìyá Ọmọ́yẹni gbé ẹní àti ìkòkò kan lérí. Ọmọ́yẹni gbé ìyókù.

"Ẹ̀yin ńkọ́, ibo lẹ ń lọ?" ni ìyá náà bi í.

"Mò ń bá yín lọ."

"Ìsàlẹ̀? Ẹ ò mọ Ìsàlẹ̀, Màmá. Wọn ò ní jẹ́ kí ẹ padà gùn ún wá mọ́."

"Mo mọ̀." Ibíjọkẹ́ kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ọmọ náà, ó jẹ́ kó gbọ́. "Ohun tó sọ lónìí kì í lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó lè padà wá. Bó bá padà wá, kò gbọ́dọ̀ bá a ní òun nìkan. Ẹ ó sùn, màá ṣọ́ ọ. Bó bá rẹ̀ mí, ẹ̀yin á ṣọ́ ọ. Títí tí òun náà yóò fi lè sùn."

Ìyá náà wò ó títí, ó sì gba ìró gàrí náà lórí rẹ̀, ó fi kún tirẹ̀.

Wọ́n ń sọ̀kalẹ̀. Oòrùn ti rẹlẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń mú òórùn iyọ̀ bọ̀ láti ìsàlẹ̀ wá. Orúnkún Ibíjọkẹ́ ń dùn ún. Wọ́n rìn títí wọ́n fi rí omi lọ́ọ̀ọ́kán, fífẹ̀, pẹrẹsẹ, pẹ̀lú òrùlé ilé kéékèèké lórí rẹ̀.

Ọmọ́yẹni dúró. Ó wò ó, ó sì yíjú sí Ibíjọkẹ́.

"Mà, ṣé ẹ mọ omi wẹ̀?"

"Rárá."

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n." Ó gbé ẹrù rẹ̀ kúrò ní èjìká kan sí èkejì. "Màmá ni yóò kọ́ àwa méjèèjì."